Bẹ́ ẹ ṣe lè kó dátà láti sístẹ́ẹ̀mù kan sí òmíì láìsọ nǹkankan nù

Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ bá àwọn kó dátà kúrò nínú sístẹ́ẹ̀mù àtijọ́ lọ sínú tuntun, ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ sí èèyàn lọ́kàn ni pé kò le, ṣebí ká kàn kó o jáde níbí ká kó o wọlé lọ́hùn-ún ni. Ìgbà mìíì wà tó máa ń rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, tó bá jẹ́ lísìtì nọ́ńbà fóònù ọgọ́rùn-ún péré, ẹ lè parí ẹ̀ lórí ìjókòó kan. Àmọ́ tó bá jẹ́ dátà tí iṣẹ́ àwọn èèyàn dúró lé, kíkó gan-an ló kéré jù nínú iṣẹ́ náà. Ibi tí wàhálà wà ni kẹ́ ẹ tó kó o, nígbà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ ohun tó wà níbẹ̀ ní ti gidi, àti lẹ́yìn tẹ́ ẹ kó o tán, nígbà tí ẹnì kan máa bi yín pé "báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ó pé?" tí ìdáhùn yín sì gbọ́dọ̀ ju "ó yẹ kó pé" lọ. Ìbéèrè yẹn ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ síbí yìí dá lé.

Ẹni tó mọ̀ díẹ̀ nípa dátábéèsì ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ ọ̀gá tó kàn ń ṣe kòkáárí iṣẹ́ náà, ẹ máa fo ibi tí kóòdù wà, ẹ ka ìyókù.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kó àti ẹni tó ni ín

Ẹ jókòó ti àwọn tó ń lo sístẹ́ẹ̀mù náà. Kì í ṣe ọ̀gá nìkan o, àwọn tó ń tẹ nǹkan sínú ẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ni mò ń sọ. Ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń lò, kí ni wọn ò fọwọ́ kàn mọ́, àti pé ibo ni wọ́n tún ń kọ nǹkan sí yàtọ̀ sí inú sístẹ́ẹ̀mù. Ẹ má fi ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn ṣeré, torí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ibi iṣẹ́ tẹ́ ẹ máa dé tẹ́ ẹ ò ní bá fáìlì Excel kan tí ẹnì kan dá ń lò, tó fi ń kọ ohun tí sístẹ́ẹ̀mù ò fàyè sílẹ̀ fún, àwọn ọ̀gá ò sì mọ̀ pé ó wà. Tẹ́ ẹ bá kó gbogbo dátábéèsì tẹ́ ẹ wá fi fáìlì yẹn sílẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n máa pè yín.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ kọ lísìtì. Table wo, fódà wo, àwòrán àti PDF tí wọ́n so mọ́ àkọsílẹ̀ wo, sọ́fítíwíà wo ló ń wá fa dátà níbẹ̀, ìròyìn wo ló ń jáde fúnra ẹ̀ láràárọ̀. Ẹ wá kọ orúkọ èèyàn kan sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni tó máa fọwọ́ sí i nígbẹ̀yìn pé ó pé. Orúkọ èèyàn o, ẹ má kọ "ẹ̀ka akáǹtì", torí ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀, kò sí ẹ̀ka tó máa gbé fóònù.

Kò pọn dandan kẹ́ ẹ kó gbogbo ẹ̀ ṣá. Àkọsílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ṣí fún ọdún pípẹ́ àmọ́ tí òfin ní kẹ́ ẹ tọ́jú, ẹ lè kó o sínú fáìlì tó ṣeé kà nìkan kẹ́ ẹ gbé e pamọ́. Bí ẹrù ṣe ń kéré sí i ni ibi tó ti lè bàjẹ́ ń dín kù. Ẹ ṣáà jẹ́ kí ẹni tó ni dátà ló ṣe ìpinnu yẹn, kó sì wà lákọsílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ tú inú dátà yẹn wò

Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ sí jù lọ, òun náà sì ni àwọn èèyàn máa ń sáré kọjá. Ìwé tí wọ́n kọ nípa sístẹ́ẹ̀mù àtijọ́, tó bá tiẹ̀ wà, á sọ bó ṣe yẹ kí dátà rí. Bó ṣe rí gan-an, inú ẹ̀ lẹ ti máa rí i. Ẹ mú kọ́lọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan, ẹ wo mélòó ló ṣófo, èyí tó kéré jù, èyí tó tóbi jù, èyí tó gùn jù, àti oríṣiríṣi nǹkan tó wà níbẹ̀. SQL kékeré báyìí ti tó:

SELECT ipo, COUNT(*) FROM onibara GROUP BY ipo ORDER BY 2 DESC;

Ẹnu á yà yín. Kọ́lọ́ọ̀mù tí wọ́n ní "bẹ́ẹ̀ ni" àti "bẹ́ẹ̀ kọ́" nìkan ló wà nínú ẹ̀, ẹ máa bá Y, N, 1, 0, y kékeré, àlàfo, àti ibì kan tí ẹnì kan ti kọ "ẹ pè é padà lọ́jọ́ Ajé".

Déètì ló ń dani láàmú jù. 03/04/2015, ṣé ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ni àbí ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta? Kọ̀ǹpútà ò ní bi yín, ó máa yan ọ̀kan. Ohun tó wá burú níbẹ̀ ni pé ìgbà tí nọ́ńbà ọjọ́ bá ju 12 lọ nìkan ló máa ń figbe ta, àwọn tó kù á wọlé wẹ́rẹ́, irọ́ ni wọ́n sì ń pa. Ẹ sọ gbogbo ẹ̀ di ti ISO 8601, ìyẹn 2015-04-03, kí ọdún ṣíwájú, kí oṣù tẹ̀ lé e, kí ọjọ́ gbẹ̀yìn. Tó bá jẹ́ inú Excel ló ti wá, ẹ wò ó bóyá kàlẹ́ńdà 1900 ni fáìlì náà ń lò tàbí ti 1904 tí Excel orí Mac ń lò nígbà kan, torí ọjọ́ 1,462 ló wà láàárín méjèèjì, tẹ́ ẹ bá ṣì í mú, gbogbo déètì yín á fi ọdún mẹ́rin àti ọjọ́ kan yẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì rí ẹgbẹ̀rún èèyàn tí wọ́n jọ bí ní 1900-01-01 tàbí 1970-01-01, ẹ má bá wọn ṣe ọjọ́ ìbí o, àlàfo ni wọ́n fi ìyẹn dí. Aago náà ńkọ́? Ẹ béèrè bóyá UTC (aago àpapọ̀ àgbáyé) ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀ àbí aago ibi tí server wà, torí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní aago mọ́kànlá alẹ́ lè bọ́ sí ọjọ́ kejì, kó sì bọ́ sínú oṣù mìíì pàápàá.

Excel fúnra ẹ̀ ní tiẹ̀. Ẹ ṣí CSV (fáìlì ọ̀rọ̀ lásán tí kọ́mà pín kọ́lọ́ọ̀mù ẹ̀) nínú ẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó lásán, ẹ wá tẹ save, ó tán: òdo iwájú nọ́ńbà fóònù ti lọ, nọ́ńbà tó gùn ju dígíìtì 15 lọ, àwọn tó kẹ́yìn níbẹ̀ á di òdo. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń ṣiṣẹ́ lórí jíìnì gan-an ò bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, jíìnì tí wọ́n ń pè ní MARCH1 àti SEPT1 ni Excel ń sọ di déètì, títí ìgbìmọ̀ tó ń fún jíìnì lórúkọ fi sọ wọ́n di MARCHF1 àti SEPTIN1, tí ìlànà tó dá lé e sì jáde ní 2020. Ẹ lo ohun mìíì láti fi wo CSV, tó bá sì di dandan kẹ́ ẹ lo Excel, ẹ wọlé láti ibi tó ti ń bi yín bí kọ́lọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ṣe máa rí, kẹ́ ẹ yan ọ̀rọ̀ lásán fún nọ́ńbà fóònù àti nọ́ńbà akáǹtì.

Ó wá kan lẹ́tà tó ní àmì lórí. Tí orúkọ "Adé" bá dé ibi tuntun tó di "AdÃ©", ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé UTF-8 ni wọ́n fi kọ ọ́, Latin-1 ni wọ́n fi kà á, ọ̀nà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń gbà tọ́jú lẹ́tà ni wọ́n. Nínú MySQL, ohun tó ń jẹ́ utf8 lásán ò gbà ju báìtì mẹ́ta lọ fún lẹ́tà kan, èmójì sì ń fẹ́ mẹ́rin, utf8mb4 ni kẹ́ ẹ lò, ó ti wà láti ẹ̀yà 5.5.3. Èyí tó wá kan àwa tó ń kọ Yorùbá ni pé lẹ́tà ọ́ yìí ní ju ọ̀nà kan lọ tí wọ́n lè gbà tọ́jú ẹ̀. Ó lè jẹ́ ọ tí wọ́n gbé àmì òkè lé, ó lè jẹ́ ó tí wọ́n fi àmì sí nísàlẹ̀, ó sì lè jẹ́ o gbọlọjọ tí wọ́n fi àmì méjèèjì tẹ̀ lé. Ojú ò lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Kọ̀ǹpútà gbà pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ẹ máa wá orúkọ ẹ ò ní rí i, ẹnì kan ṣoṣo á di oníbàárà mẹ́ta. Ẹ sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di NFC, ìyẹn ọ̀nà ìtọ́jú kan tó máa jẹ́ kí gbogbo wọn rí bákan náà, kó tó wọlé, ọ̀pọ̀ èdè kọ̀ǹpútà ló ní iṣẹ́ yẹn nínú, ìlà kan ni nínú Python.

Àwọn yòókù, mo kàn máa mẹ́nu bà wọ́n. Owó ò gbọdọ̀ wà nínú float (nọ́ńbà tó jẹ́ pé èyí tó sún mọ́ ọn ni kọ̀ǹpútà ń tọ́jú), decimal ni kẹ́ ẹ lò, kọ́bọ̀ máa ń sọnù nínú float. Oracle ò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rọ̀ tó ṣófo àti NULL (ibi tí wọn ò fi nǹkankan sí rárá), PostgreSQL mọ̀ ọ́n, torí náà tẹ́ ẹ bá ń kó láti Oracle, ẹ ti pinnu èyí tẹ́ ẹ fẹ́.

Tẹ́ ẹ bá rí ìdọ̀tí, bí ẹni tí wọ́n kọ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ínfọ́ìsì tí ò ní olówó, tó bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kí àwọn tó ni ín tún un ṣe nínú sístẹ́ẹ̀mù àtijọ́ kẹ́ ẹ tó kó o. Wọ́n mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, script yín (kóòdù tó ń kó dátà) ò mọ̀ ọ́n.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ìwé àfiwé

Ẹ ṣí sípírẹ́ẹ̀dìṣíìtì kan, kí ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ kọ́lọ́ọ̀mù kan: ibi tó ti ń bọ̀, ibi tó ń lọ, ohun tó máa yí padà lára ẹ̀, kí la máa ṣe tó bá ṣófo, àti àpẹẹrẹ kan láti inú dátà gidi. "Y, y, 1" á di true. "N, n, 0" á di false. "Ẹ pè é padà lọ́jọ́ Ajé" ńkọ́? Ẹ bi ẹni tó ni ín. Ẹ má kàn fi false síbẹ̀ torí pé kóòdù ò fẹ́ gbà á, ohun tẹ́ ẹ dá kì sínú ẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn ò ní ṣeé yà sọ́tọ̀ mọ́ láàárín òótọ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.

Ìlà kan wà tí mi ò jẹ́ yọ kúrò láéláé: ẹ tọ́jú ID àtijọ́ sínú kọ́lọ́ọ̀mù kan ní ibi tuntun, kódà tí sístẹ́ẹ̀mù tuntun bá ní ID tiẹ̀. Òun lẹ máa fi wá nǹkan tí wọ́n bá pè yín, òun náà lẹ máa fi ṣe àfiwé.

Páásíwọ́ọ̀dù: tí wọ́n bá tọ́jú ẹ̀ bó ṣe yẹ, ẹ ò lè kà á, hash ni, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti lọ̀ débi tí kò ṣeé dá padà sí bó ṣe wà mọ́. Ẹ lè kó hash náà bó ṣe wà tí sístẹ́ẹ̀mù tuntun bá mọ irú èyí tí wọ́n fi ṣe é (bcrypt, bí àpẹẹrẹ), àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, gbogbo èèyàn á ní láti yan òmíì, kẹ́ ẹ sì ti sọ fún wọn ṣáájú.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ kọ ẹ̀rí sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó kọ kóòdù

Ohun tí mo rí ni pé tẹ́ ẹ bá kó dátà tán kẹ́ ẹ tó ronú bẹ́ ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò, ohun tó bá ti rọrùn láti yẹ̀ wò lẹ máa yẹ̀ wò, torí ó ti rẹ̀ yín, ẹ sì fẹ́ kó ti tọ́. Torí náà ní báyìí tí ẹnikẹ́ni ò tíì gbé nǹkankan, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé a máa gbà pé ó pé tí eléyìí àti eléyìí bá bára mu, kí àwọn tẹ́ ẹ kọ orúkọ wọn lẹ́ẹ̀kan sì fọwọ́ sí i.

Èyí tó kéré jù ni iye ìlà. Ìṣirò ẹ̀ rèé: iye tó jáde ní ibi àtijọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ iye tó wọlé, pẹ̀lú iye tí sístẹ́ẹ̀mù tuntun kọ̀, pẹ̀lú iye tẹ́ ẹ mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀. Tó bá fi ẹyọ kan yẹ̀, ẹ wá ẹyọ náà. Ẹ má sọ pé ẹyọ kan nínú mílíọ̀nù kò já mọ́ nǹkankan, torí ohun tó jẹ ẹyọ yẹn lè jẹ ẹgbẹ̀rún lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá kó o ní ti gidi.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ bí kíka lásán ṣe wúlò tó, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2020. Àjọ Public Health England ń gba èsì àyẹ̀wò kòrónà ní CSV láti ọ̀dọ̀ àwọn lábù, wọ́n wá ń kó o sínú fáìlì Excel oríṣi àtijọ́, .xls, tí ò lè gbà ju ìlà 65,536 lọ. Ibi tó kún dé ló gé e, kò pariwo. Èèyàn 15,841 tó ní kòrónà láàárín 25 September sí 2 October ni ò wọ inú iye tí wọ́n ń kéde lójoojúmọ́, àwọn tó ń wá ẹni tó fara kan wọn ò sì tètè gbọ́. Ká ní wọ́n ka ìlà tó wọlé kí wọ́n fi wé ìlà tó jáde, ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọn ì bá ti rí i.

Àmọ́ iye ìlà nìkan ò tó o, ìlà lè pé kí ohun tó wà nínú ẹ̀ ti dàrú. Ẹ ro àpapọ̀ owó pọ̀, ẹ pín in sí oṣù oṣù àti ẹ̀ka ẹ̀ka, torí àpapọ̀ kan ṣoṣo lè bára mu nígbà tí déètì ti gbé owó oṣù kan bọ́ sínú òmíì. Ẹ ka iye àlàfo nínú kọ́lọ́ọ̀mù tó ṣe pàtàkì. Fáìlì àti àwòrán, sha256sum (ó ń fún fáìlì kọ̀ọ̀kan ní àmì tó máa yí padà tí ohunkóhun bá yí padà nínú ẹ̀) ni kẹ́ ẹ fi ṣe tiwọn, ní ibi méjèèjì, kẹ́ ẹ fi diff wé e. Lẹ́yìn náà ẹ mú àkọsílẹ̀ bí àádọ́ta, kẹ́ ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ki àwọn oníwàhálà mọ́ ọn: oníbàárà tó pẹ́ jù, orúkọ tó gùn jù, ẹni tí wọ́n dá owó ẹ̀ padà, akáǹtì tí wọ́n ti pa. Kí ẹni tó ń lo sístẹ́ẹ̀mù lójoojúmọ́ ṣí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àtijọ́ lápá òsì, tuntun lápá ọ̀tún. Ojú ẹ̀ á rí ohun tí SQL yín ò mọ̀ pé ó yẹ kí òun bi.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: lẹ́ẹ̀kan náà ni àbí díẹ̀ díẹ̀?

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Ẹ lè ti sístẹ́ẹ̀mù àtijọ́ pa lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kẹ́ ẹ kó gbogbo ẹ̀, kẹ́ ẹ ṣí tuntun láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ẹ lè kó o ní ìpín ìpín, ẹ̀ka kan lónìí, òmíì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ sì lè jẹ́ kí méjèèjì jọ máa ṣiṣẹ́, kí nǹkan bíi Debezium tàbí AWS DMS máa gbé gbogbo àyípadà tó bá wọ àtijọ́ lọ sínú tuntun títí ọjọ́ tẹ́ ẹ máa yí i. Àkọ́kọ́ rọrùn láti ṣètò, àmọ́ tó bá dàrú, gbogbo èèyàn ló dàrú fún. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ò ní jẹ́ kí iṣẹ́ dúró pẹ́, àmọ́ ó gba ẹni tó mọ̀ ọ́n. Èmi, tó bá ṣeé pín, màá pín in, kí n fi àwọn díẹ̀ tí ò ní bínú ṣáájú.

Báńkì TSB nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé oníbàárà bíi mílíọ̀nù 5.2 lọ sórí sístẹ́ẹ̀mù tuntun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní April 2018. Dátà náà dé o, ìyẹn ló jẹ́ kí ìtàn yẹn wúlò fún wa. Sístẹ́ẹ̀mù tí wọ́n gbé e lé lórí ni ò lè dúró, èèyàn tó tó mílíọ̀nù 1.9 ò rí akáǹtì wọn wọ̀ ní ìgbà kan, December ọdún yẹn ni nǹkan tó padà bọ̀ sípò pátápátá, ní December 2022 ni àwọn aláṣẹ wá ní kí báńkì náà san ìtanràn mílíọ̀nù 48.65 owó pọ́n-ùn. Torí náà, kí ẹ tó sọ pé ẹ ti ṣe tán, ẹ rí i pé sístẹ́ẹ̀mù tuntun lè gba iye èèyàn tó ń wọlé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kì í ṣe ẹ̀yin mẹ́ta tẹ́ ẹ ń dán an wò.

Ẹ tún ṣe ìṣirò ìrìn àjò. Térábáìtì 10 lórí íntánẹ́ẹ̀tì 100 Mbps, tí kò bá tiẹ̀ já rárá, ọjọ́ mẹ́sàn-án ó lé wákàtí díẹ̀ ni. Wíkẹ́ńdì kan ò gbà á. Nígbà mìíì, kí wọ́n kó o sínú díìsìkì kí wọ́n gbé e lọ ló máa yá jù, àwọn ilé iṣẹ́ cloud ńlá máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fáwọn oníbàárà wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: backup, kẹ́ ẹ sì dá a padà wò

Backup tẹ́ ẹ ò tíì dá padà rí, ẹ ò tíì mọ̀ bóyá ẹ ní in. Ní 31 January 2017, ẹnì kan ní GitLab, ilé iṣẹ́ tó ń bá àwọn èèyàn tọ́jú kóòdù, pa fódà dátà rẹ́ lórí server tí kì í ṣe èyí tó ní lọ́kàn. Wọ́n wá wo backup, pg_dump wọn, ìyẹn irinṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀dà dátábéèsì PostgreSQL, ti ń kùnà láti ọjọ́ yìí torí ẹ̀yà 9.2 ló ń ṣiṣẹ́ lórí dátábéèsì 9.6, ímeèlì tó yẹ kó sọ fún wọn ò sì dé. Ẹ̀dà kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ní bí wákàtí mẹ́fà ṣáájú ló gbà wọ́n, ohun tí àwọn èèyàn fi síbẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́fà yẹn ló lọ. Myspace ní tiẹ̀, ìgbà tí wọ́n ń kó server ni orin tí àwọn èèyàn gbé sórí ẹ̀ láti 2003 sí 2015 ṣe sọnù, ní 2019 ni gbogbo ayé mọ̀, wọn ò sì ní ẹ̀dà tí wọ́n lè fi dá wọn padà.

Ẹ̀dà mẹ́ta, oríṣi ibi ìtọ́jú méjì, kí ọ̀kan wà níbòmíì pátápátá. Ẹ mú ọ̀kan nínú wọn, ẹ dá a padà sórí kọ̀ǹpútà tó ṣófo, ẹ ka ìlà inú ẹ̀. Ẹ kọ iye wákàtí tó gbà sílẹ̀, ẹ máa nílò ẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ìgbésẹ̀ keje: script náà

Ẹ má fọwọ́ ṣe ohunkóhun tí ò sí nínú script. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ tún ìlà kan ṣe nígbà ìdánrawò, ẹ máa gbàgbé ẹ̀ lọ́jọ́ gidi. Kó jẹ́ èyí tẹ́ ẹ lè ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́wàá tí èsì ẹ̀ á jẹ́ ọ̀kan náà, tó bá dúró lágbedeméjì kẹ́ ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dé láìkọ nǹkan lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ kọ́kọ́ kó dátà bó ṣe wà, pẹ̀lú ìdọ̀tí ẹ̀, sínú àwọn table àárín kan ní ibi tuntun, kẹ́ ẹ tó wá tún un ṣe láti ibẹ̀ lọ sí ibùgbé ẹ̀. Ó jẹ́ kẹ́ ẹ lè yẹ àtijọ́ àti tuntun wò pẹ̀lú SQL kan ṣoṣo. Ìlà tí ò bá wọlé, ẹ má jẹ́ kó kàn pòórá, ẹ ní table tiwọn, pẹ̀lú ìdí tí wọn ò fi wọlé. Òbí ṣáájú ọmọ: oníbàárà kó tó kan ínfọ́ìsì, ínfọ́ìsì kó tó kan ohun tó wà lórí ẹ̀. Tí dátà bá pọ̀, COPY ti PostgreSQL tàbí LOAD DATA ti MySQL á yá ju INSERT ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ jìnnà, kẹ́ ẹ yọ index (atọ́ka tó ń jẹ́ kí wíwá nǹkan yá) kúrò ṣáájú, kẹ́ ẹ sì dá a padà lẹ́yìn tí gbogbo ẹ̀ bá wọlé tán.

Ohun méjì tó máa ń jẹ àwọn èèyàn: àkọ́kọ́, ẹ pa gbogbo ohun tó ń fi ímeèlì àti SMS ránṣẹ́ ní sístẹ́ẹ̀mù tuntun kẹ́ ẹ tó kó nǹkan wọlé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo oníbàárà láti ọdún gbọ́nhan ló máa gba "ẹ káàbọ̀" lóru ọjọ́ kan náà. Èkejì, nínú PostgreSQL, tẹ́ ẹ bá kó ìlà wọlé pẹ̀lú ID wọn, sequence, ìyẹn ohun tó ń pín ID tuntun, ò mọ̀ pé ẹ ti dé 48,000, á tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti 1, ẹni àkọ́kọ́ tó bá fẹ́ ṣí akáǹtì ló máa kàn án. setval ni oògùn ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ìdánrawò

Gbogbo dátà ni kẹ́ ẹ fi ṣe é, ẹ má fi ìlà ẹgbẹ̀rún kan ṣe é kẹ́ ẹ wá sọ ìyókù sí ìlọ́po, kì í rìn bẹ́ẹ̀, ohun tó gba ìṣẹ́jú kan fún ẹgbẹ̀rún lè gba ọjọ́ méjì fún mílíọ̀nù. Tí àwọn tí ò yẹ kó rí orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn èèyàn bá máa wà níbẹ̀, ẹ bo àwọn kọ́lọ́ọ̀mù yẹn, àmọ́ ẹ má bò ó débi tí gígùn àti àmì orí lẹ́tà ò fi jọ ti gidi mọ́. Ẹ máa kọ aago: ìgbésẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ ìgbà wo, ó parí ìgbà wo. Ẹ tún un ṣe títí ẹ máa fi ṣe é lẹ́ẹ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láìfọwọ́ kan kóòdù, tí gbogbo ẹ̀rí sì bára mu. Tí kò bá tíì rí bẹ́ẹ̀, ẹ sún ọjọ́ síwájú. Ọ̀gá á bínú, kò burú, á gbàgbé.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: ọjọ́ náà gan-an

Ẹ ti kọ ìwé iṣẹ́ kan sílẹ̀: aago, ohun tí wọ́n máa ṣe, ẹni tó máa ṣe é, bí a ṣe máa mọ̀ pé ó parí. Kí àṣẹ inú ẹ̀ jẹ́ èyí tẹ́ ẹ lè kàn kọ́pì, ẹ má máa ronú ní aago méjì òru. Ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú, ẹ dín TTL ti DNS (àkókò tí àwọn kọ̀ǹpútà fi ń rántí àdírẹ́ẹ̀sì àtijọ́) kù sí ìṣẹ́jú márùn-ún tí àdírẹ́ẹ̀sì bá máa yí padà. Ẹ ti sístẹ́ẹ̀mù àtijọ́ kó lè ṣeé kà kó má ṣeé kọ sí, kẹ́ ẹ rí i dájú pé ó tì, kí ẹnì kan gbìyànjú láti kọ nǹkan sí i, nítorí iṣẹ́ kékeré kan tó ń ṣe ara ẹ̀ láago méjìlá òru lè ṣì máa kọ ọ́. Ẹ ka ìlà. Ẹ ṣe backup tó gbẹ̀yìn. Ẹ kó o.

Ní ojú ìwé yẹn, aago kan gbọ́dọ̀ wà tí ẹ pè ní ibi àìlèpadà, ẹ fi iye wákàtí tí dídá nǹkan padà máa gbà ṣírò ẹ̀. Tí iṣẹ́ bá gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ajé, tí ìpadà sì gba wákàtí mẹ́fà, aago méjì òru ni ìpinnu gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló máa sọ pé ẹ lọ tàbí ẹ padà, kó sì jẹ́ ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ ò sí nínú kóòdù, torí ẹni tó ń tún un ṣe á máa sọ pé "ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá" títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ẹ ṣe gbogbo ẹ̀rí tẹ́ ẹ kọ ní ìgbésẹ̀ kẹrin, kí àwọn tó ni dátà fọwọ́ sí i, kẹ́ ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé. Gbàrà tí oníbàárà àkọ́kọ́ bá ti kọ nǹkan sínú tuntun, ìpadà ti di nǹkan mìíì, ẹ máa ní láti gbé ohun tuntun yẹn padà sínú àtijọ́ pẹ̀lú, torí náà ẹ ti ronú sí i ṣáájú, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ìwé kan tí wọ́n ń fọwọ́ kọ ọ́ sí ni.

Ìgbésẹ̀ kẹwàá: lẹ́yìn ẹ̀

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, kí àwọn tó kọ script wà nítòsí, ẹ má tíì pín wọn sí iṣẹ́ mìíì. Ohun tó bá jáde lọ́jọ́ kìíní máa ń rọrùn, ìparí oṣù àti ìparí ọdún tí àwọn ará ẹ̀ka akáǹtì bá fẹ́ pa ìwé dé ni èyí tó fara pamọ́ máa ń yọjú. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé kẹ́ ẹ fi sístẹ́ẹ̀mù àtijọ́ sílẹ̀ kó ṣeé kà, ó kéré tán títí wọ́n á fi parí oṣù kan nínú tuntun láìsí àwáwí, oṣù mẹ́ta ló tiẹ̀ dáa jù. Àmọ́ ẹ gba ẹ̀tọ́ kíkọ lọ́wọ́ gbogbo èèyàn nínú ẹ̀, torí ẹnì kan wà níbẹ̀ tí ìka ẹ̀ ti mọ́ ọn lára.

Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ pa á pátápátá, ẹ kọ́kọ́ wo lọ́ọ̀gì ẹ̀ bóyá sọ́fítíwíà kan ṣì ń wá bá a, ẹ máa sábà rí ọ̀kan tí kò sí nínú lísìtì yín. Ẹ ṣe ẹ̀dà tó gbẹ̀yìn fún ìpamọ́, ẹ fi páásíwọ́ọ̀dù tì í, kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n máa pa òun náà rẹ́ sí i lára. Ẹ fagi lé àwọn kọ́kọ́rọ́ àti akáǹtì tẹ́ ẹ dá sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà. Kí olúkúlùkù nínú tíìmù wá ṣí fódà Downloads ẹ̀, kó wá gbogbo CSV àti dump tó kó síbẹ̀ nígbà ìdánrawò, orúkọ àti nọ́ńbà fóònù gbogbo oníbàárà ló wà nínú wọn, kó pa wọ́n rẹ́, kó sì tú ibi ìdọ̀tí kọ̀ǹpútà náà dànù pẹ̀lú.